Láàárín ‘Lè’ àti ‘Gbọ́dọ̀’: Ẹ̀kọ́ Inú Òfin Oríṣiríṣi Eré Póká

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Òwe yìí bá eré káàdì tí gbogbo ayé mọ̀ sí póká mu ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti lérò lọ. Bí ọ̀dọ́ kan bá rí eré náà nínú fíìmù tàbí lórí fóònù, yóò rò pé eré kan ṣoṣo ni: káàdì lọ́wọ́, owó lórí tábìlì, ojú tí kò sọ ohun tí ó wà nínú. Ṣùgbọ́n póká kì í ṣe eré kan. Orúkọ ìdílé ni. Ọmọ púpọ̀ ni ó wà nínú ìdílé náà, olúkúlùkù sì ní ìwà tirẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ adé fún ọ̀kan, ẹ̀gàn ni fún èkejì.

Èrò tí àròkọ yìí dúró lé lórí kò le. Kíkọ́ òfin oríṣiríṣi póká jẹ́ iṣẹ́ òǹkàwé kí ó tó jẹ́ iṣẹ́ atatẹ́tẹ́. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá mọ bí a ti ń ka òfin ní àkàyé, tí ó mọ ibi tí òfin kan ti yàtọ̀ sí ìkejì, ní ààbò kan tí ìkìlọ̀ ẹnu lásán kò lè fún un. Olùkọ́ èdè ni ó sì wà ní ipò tí ó dára jù láti fún un ní ààbò yìí, nítorí pé nínú ọ̀rọ̀ kéékèèké ni ìyàtọ̀ àwọn òfin náà máa ń fara pamọ́ sí.

Ibi Tí Eré Náà Ti Ṣẹ̀

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni a ti bí póká, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ní agbègbè New Orleans àti etí odò Mississippi. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń kọ ìtàn eré gbà pé ó bá eré àwọn Faransé kan tí à ń pè ní poque tan. Nínú àwọn ọkọ̀ tí ń ná odò náà ni àwọn oníṣòwò àti àwọn atatẹ́tẹ́ ti ń ta á láti ìlú dé ìlú. Nígbà náà, káàdì 20 péré ni wọ́n ń lò. Ènìyàn mẹ́rin yóò jókòó, olúkúlùkù yóò gba márùn-ún, káàdì ti tán nílẹ̀ nìyẹn. Kò sí èyí tí ẹnikẹ́ni lè fi ṣe pàṣípààrọ̀. Ìgbà tí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í lo káàdì 52 ni àyè ṣí sílẹ̀ fún ènìyàn láti da èyí tí kò wù ú nù kí ó sì gba òmíràn. Láti ibẹ̀ ni oríṣi kan ti ń bí òmíràn.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe àlàyé póká oníkáàdì 20 sínú ìwé ni Jonathan H. Green, atatẹ́tẹ́ tí ó ronú pìwà dà. Ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1843. Kì í ṣe láti pe ènìyàn wá sí ìdí tẹ́tẹ́ ni ó fi kọ ọ́. Ó kọ ọ́ láti tú àṣírí ẹ̀tàn àwọn atatẹ́tẹ́ síta. Kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, nítorí ọ̀rọ̀ yóò padà kàn án níwájú.

Àkàbà Tí Ọ̀pọ̀ Nínú Wọn Ń Gùn

Káàdì 52 náà pín sí àmì mẹ́rin, mẹ́tàlá sì wà lábẹ́ àmì kọ̀ọ̀kan: 2 títí dé 10, lẹ́yìn náà J, Q, K àti A. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ oríṣi póká, àkójọ káàdì márùn-ún ni a fi ń díje, àkójọ tí ó bá sì ga jù ni ó ń jẹ. Báwo ni a ti ń mọ èyí tí ó ga? Ìṣirò ni a fi ń mọ̀ ọ́n.

Bí a bá ka gbogbo ọ̀nà tí a lè gbà mú káàdì márùn-ún láti inú 52, ọ̀nà 2,598,960 ni. Nínú wọn, 1,302,540, èyí tí ó lé díẹ̀ ní ìdajì, ni kò ní ohunkóhun tí ó so wọ́n pọ̀. Èyí tí ó ní káàdì méjì tí ó jọra, bíi 8 méjì, jẹ́ 1,098,240. Èyí tí ó ní irú méjì bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bíi 8 méjì pẹ̀lú Q méjì, jẹ́ 123,552. Èyí tí ó ní mẹ́ta tí ó jọra jẹ́ 54,912. Márùn-ún tí ó tẹ̀lé ara wọn, bíi 5, 6, 7, 8, 9, tí àmì wọn kò dọ́gba, jẹ́ 10,200. Márùn-ún tí àmì wọn jẹ́ ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n tí wọn kò tẹ̀lé ara wọn, jẹ́ 5,108. Mẹ́ta tí ó jọra pẹ̀lú méjì tí ó jọra jẹ́ 3,744. Mẹ́rin tí ó jọra jẹ́ 624. Márùn-ún tí ó tẹ̀lé ara wọn tí àmì wọn tún jẹ́ ọ̀kan náà kò ju 40 lọ nínú gbogbo rẹ̀.

Ẹ wo ètò náà dáadáa: èyí tí ó ṣọ̀wọ́n jù ni ó ga jù. Kò sí awo níbẹ̀, kò sí oríire níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ ìdí òfin yìí kò ní láti há a sórí bí ẹyẹ ayékòótọ́. Yóò sì mọ̀ pẹ̀lú pé bí iye káàdì bá yí padà, òfin lè yí padà tẹ̀lé e.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó sì rí. Oríṣi póká kan wà tí a ti yọ gbogbo káàdì 2 sí 5 kúrò, tí ó fi ku 36. Nínú rẹ̀, ọ̀nà tí a lè gbà rí mẹ́ta tí ó jọra pẹ̀lú méjì tí ó jọra jẹ́ 1,728, ṣùgbọ́n márùn-ún alámì kan náà tí kò tẹ̀lé ara wọn jẹ́ 480 péré. Alámì kan ti wá ṣọ̀wọ́n jù, nítorí náà ni ó fi borí níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé abẹ́ ni ó wà nínú póká oníkáàdì 52. Ẹni tí ó bá gbé òfin ilé àkọ́kọ́ wọ ilé kejì yóò máa yọ̀ níbi tí ó yẹ kí ó ti máa káàánú ara rẹ̀.

Ọmọ Ìdílé Kan, Ìwà Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Nínú oríṣi tí a ń pè ní Draw, olúkúlùkù gba káàdì márùn-ún ní ìdojúbolẹ̀. Wọ́n á dá owó, wọ́n á pààrọ̀ èyí tí wọn kò fẹ́, wọ́n á tún dá owó, wọ́n á sì ṣí ọwọ́. Kò sí káàdì ẹnikẹ́ni tí ojú ẹlòmíràn tó kí àkókò ìṣípayá tó dé. Ohun kan ṣoṣo tí òṣèré fi lè mọ alátakò rẹ̀ ni iye káàdì tí ó pààrọ̀ àti bí ó ti dá owó sí.

Stud oníkáàdì méje kò rí bẹ́ẹ̀. Méjì wà ní ìdojúbolẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ẹ̀kẹta ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé láti rí. Mẹ́ta mìíràn tún ṣí sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìkeje sì padà sí ìdojúbolẹ̀. Márùn-ún tí ó dára jù nínú méje náà ni a ó kà. Ìgbà márùn-ún ni wọ́n ń dá owó. Níbí yìí, iyè ni irin iṣẹ́: ẹni tí kò bá rántí káàdì àwọn tí ó ti jáwọ́ yóò máa dúró de káàdì tí kò lè dé mọ́. Àwọn tí ó ṣe òfin náà tilẹ̀ ronú jìnnà. Bí ènìyàn mẹ́jọ bá ń ta á tí ẹnikẹ́ni kò sì jáwọ́, káàdì 56 ni wọn yóò nílò, 52 ni ó sì wà. Bí káàdì kò bá tó mọ́, káàdì ìkẹyìn kan ni a ó ṣí sí àárín tábìlì, yóò sì jẹ́ ti gbogbo wọn.

Texas Hold'em ni èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lónìí. Ní ọdún 2007, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ Texas fọwọ́ sí i pé ìlú Robstown ni a ti bí i. Ní àwọn ọdún 1960 ni ó wọ Las Vegas. Ní ọdún 1970 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìdíje àgbáyé tí a mọ̀ sí World Series of Poker níbẹ̀. Káàdì méjì péré ni òṣèré ní lọ́wọ́. Márùn-ún yòókù wà ní àárín tábìlì, wọ́n jẹ́ ti gbogbo ènìyàn: mẹ́ta ni a ń kọ́kọ́ ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn náà ọ̀kan, lẹ́yìn náà ọ̀kan. Ní ọdún 2003, Chris Moneymaker, oníṣirò owó kan tí ó gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọlé pẹ̀lú owó tí kò tó dọ́là 100, gba ipò kìíní nínú ìdíje ńlá náà, ó sì gba dọ́là mílíọ̀nù 2.5. Láti ìgbà náà ni àìmọye ènìyàn ti kọ́ Hold'em, tí wọ́n sì gbà pé òun gan-an ni póká. Ibẹ̀ ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀.

‘Lè’ àti ‘Gbọ́dọ̀’

Omaha jọ Hold'em bí ìbejì. Káàdì márùn-ún wà ní àárín tábìlì, ọ̀nà kan náà ni a gbà ń ṣí wọn, ìgbà mẹ́rin ni a ń dá owó nínú méjèèjì. Ohun tí ojú kọ́kọ́ rí ni pé òṣèré Omaha ní káàdì mẹ́rin lọ́wọ́ dípò méjì. Ẹni tí ó ti mọ Hold'em yóò sọ pé, “Ṣé kí n wá kọ́ òmíràn? Mo ti mọ̀ ọ́n.” Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ òfin méjèèjì ní èdè Yorùbá.

Hold'em sọ pé: òṣèré lè lo méjì, tàbí ọ̀kan, tàbí kí ó má lo ìkankan nínú káàdì ọwọ́ rẹ̀.

Omaha sọ pé: òṣèré gbọ́dọ̀ lo méjì géérégé nínú káàdì ọwọ́ rẹ̀, pẹ̀lú mẹ́ta géérégé nínú ti àárín tábìlì.

Gbogbo ìyàtọ̀ náà wà láàárín ‘lè’ àti ‘gbọ́dọ̀’. Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ wò ó. Ká ní káàdì 2, 7, 9 àti Q alámì ọkàn wà ní àárín tábìlì pẹ̀lú 5 dúdú kan. Òṣèré kan ní K alámì ọkàn lọ́wọ́, ìyókù káàdì rẹ̀ sì jẹ́ dúdú. Nínú Hold'em, K náà bá mẹ́rin ti àárín pàdé, ó di alámì kan márùn-ún, àkójọ tí ó lágbára gidi. Nínú Omaha, òṣèré yìí kò ní alámì kan rárá, nítorí pé ọkàn kan ṣoṣo ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, òfin sì sọ pé méjì ni ó gbọ́dọ̀ lò. Ẹni tí ó bá ní 3 àti 4 alámì ọkàn lọ́wọ́, tí ojú ìwọ̀sí ni a fi ń wo káàdì bẹ́ẹ̀, ni yóò kó owó lọ.

Àpẹẹrẹ kejì tún ṣe kedere jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá rí A mẹ́rin gbà nínú Draw ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ayé tán: àkójọ 40 péré nínú 2,598,960 ni ó ga jù ú lọ. Ẹni tí ó bá rí A mẹ́rin kan náà gbà lọ́wọ́ nínú Omaha ti rin ìrìn òfò. Méjì péré ni ó lè lò, kò sì sí A mìíràn nílẹ̀ tí ó lè dé bá a. Káàdì kan náà, ènìyàn kan náà, gbólóhùn òfin kan ni ó yí padà.

A tún rí àwọn oríṣi tí ó yí àkàbà náà sódì pátápátá. Nínú Razz, ẹni tí àkójọ rẹ̀ bá kéré jù ni ó ń jẹ. A ni káàdì tí ó kéré jù, a kì í sì ka tẹ̀léra tàbí alámì kan sí ẹnikẹ́ni lọ́rùn, nítorí náà A, 2, 3, 4, 5 ni ọba níbẹ̀. Nínú oríṣi mìíràn tí a ń pè ní Deuce-to-Seven, ẹni tí ó kéré jù náà ni ó ń jẹ, ṣùgbọ́n A kì í kéré níbẹ̀, òun ni ó ga jù. Tẹ̀léra àti alámì kan sì ń ba àkójọ jẹ́. 2, 3, 4, 5, 7 tí àmì wọn kò jẹ́ ọ̀kan ni ọba ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a gbé káàdì márùn-ún yìí yíká ìdílé náà: nínú Draw, kò sí àkójọ tí ó rẹlẹ̀ tó o, nínú Razz, ó dára ṣùgbọ́n ó ní ọ̀gá, nínú Deuce-to-Seven, òun ni ó dé adé. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ bi ara rẹ̀ pé: ṣé káàdì ni ó ní iyì, àbí òfin ni ó ń fún un ní iyì?

Ohun Tí Ó Kan Olùkọ́ Yorùbá

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni ó kan ojú-ewé lítíréṣọ̀ Yorùbá pẹ̀lú eré tí a bí ní etí odò Mississippi. Ó kàn án, nítorí pé àṣìṣe tí ó ń mú ẹni tí ó mọ Hold'em ṣubú sínú Omaha ni àṣìṣe tí ó ń mú akẹ́kọ̀ọ́ ṣubú nínú ìdánwò lítíréṣọ̀. ‘Ewì’ náà jẹ́ orúkọ ìdílé. Ìjálá, ẹkún ìyàwó, iwì egúngún, ọfọ̀: ewì ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n kí ni òfin olúkúlùkù? Ìjálá jẹ́ ti ọdẹ àti ti Ògún. Ẹkún ìyàwó jẹ́ ti ọmọbìnrin tí ó ń fi ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀ lọ sí ilé ọkọ. A lè gé òwe kúrú kí olóye sì mọ èyí tí ó kù, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń pe ọfọ̀ gbọ́dọ̀ pe ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ó ti wà. ‘Lè’ àti ‘gbọ́dọ̀’ náà ni ó tún dé yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ àbùdá ìjálá sábẹ́ ẹkún ìyàwó ti gbé òfin ilé kan wọ ilé kejì.

Àwọn eré tí ó wà láàárín wa pàápàá kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ yìí. Ta ni kò tíì rí ìjà ọmọdé lórí Whot? Nínú ilé kan, ẹni tí a bá ju 2 lù lè fi 2 tirẹ̀ gbèjà ara rẹ̀, kí ìyà náà sì kọjá sọ́dọ̀ ẹni tí ó tẹ̀lé e. Nínú ilé kejì, ó gbọ́dọ̀ mú káàdì méjì, kò sí àwáwí. Àwọn méjèèjì ń sọ òtítọ́ ilé tiwọn. Ohun tí ó fa ìjà ni pé wọn kò béèrè òfin kí wọ́n tó pín káàdì.

Ayò náà ńkọ́? Ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ní ilẹ̀ Ghana, Oware ni wọ́n ń pe ìbátan rẹ̀. Òwò ẹrú sì gbé irú eré bẹ́ẹ̀ dé erékùṣù Antigua, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní Warri. Ní Ghana nìkan, Abapa àti Nam-nam kì í ṣe ohun kan náà. Nínú Abapa, ẹni tí ó ń pín ọmọ ayò dúró níbi tí ọmọ ìkẹyìn bá bọ́ sí. Nínú Nam-nam, bí ọmọ ìkẹyìn bá bọ́ sínú ihò tí ohun kan wà nínú rẹ̀, yóò kó wọn, yóò sì máa pín wọn lọ. Opọ́n kan náà ni, ọmọ ayò kan náà ni. Síbẹ̀ ọ̀ta nínú èkíní lè di òpè nínú èkejì.

Àní ẹ̀rọ pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ òfin yìí. Ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Alberta ní Kánádà kéde ètò kọ̀ǹpútà kan, Cepheus, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ yanjú Hold'em pátápátá. Ṣùgbọ́n Hold'em ti ènìyàn méjì péré ni, èyí tí òfin fi ààlà sí iye owó tí a lè dá. Nígbà tí a mú ààlà owó kúrò, iṣẹ́ mìíràn ni: ọdún 2017 ni Libratus, ti Yunifásítì Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà, tó borí àwọn ògbóǹtarìgì mẹ́rin, lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí òṣèré di mẹ́fà lórí tábìlì, iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, ó sì di ọdún 2019 kí Pluribus tó ṣe é. Orúkọ kan náà, Hold'em, ni wọ́n ń jẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí kọ̀ǹpútà alágbára bá ní láti kọ́ oríṣi kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ni yóò mú ọmọ ènìyàn rò pé òun ti mọ gbogbo rẹ̀ nítorí pé òun mọ ọ̀kan?

Àwọn Tí Ó Ní Kí A Má Sọ Ọ́

Ọ̀pọ̀ òbí àti olùkọ́ ni kò fẹ́ gbọ́ orúkọ póká létí ọmọ. Wọ́n ní ẹni tí ó bá kọ́ ọmọ ní òfin tẹ́tẹ́ ti kọ́ ọ ní tẹ́tẹ́. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Tẹ́tẹ́ ti ba ilé jẹ́, ó ti jẹ owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ, ó ti sọ ọlọ́lá di onígbèsè. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ó sì dára kí gbogbo ènìyàn fi ẹnu kò pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ fi kọ́bọ̀ kan ta tẹ́tẹ́ irú èyíkéyìí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: níbo ni ọmọ tí a kò sọ fún yóò ti gbọ́? Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí yóò ṣe àlàyé fún un níbẹ̀ ni ẹni tí ó fẹ́ owó rẹ̀, irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ kì í sì í sọ gbogbo òfin tán. Àìmọ̀kan àìmọ̀kàn ní ń mú èkúté ilé pe ológbò níjà. Green tí a dárúkọ lókè mọ èyí ní ọdún 1843: ó rí i pé ìmọ̀ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lórí tábìlì ni yóò gba ènìyàn lọ́wọ́ tábìlì náà.

Òfin kan wà tí fíìmù kì í sọ. Nínú póká, àwọn òṣèré ń gba owó lọ́wọ́ ara wọn, ṣùgbọ́n onílé ń yọ ìpín tirẹ̀ nínú owó àárín tábìlì. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò àpẹẹrẹ. Ká ní ènìyàn mẹ́fà gbé ₦2,000 wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦12,000. Ká ní ₦2,000 ni ó ń wà ní àárín tábìlì ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, tí onílé sì ń yọ ₦5 nínú ₦100. ₦100 ni ó ń bọ́ sí àpò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí wọ́n bá fi ta á lẹ́ẹ̀mẹ́gbọ̀n, ₦3,000 ti lọ. Nígbà tí wọ́n bá fi ta á nígbà 60, ₦6,000, ìdajì gbogbo owó tí wọ́n gbé wá, ti lọ, láìsí pé ẹnikẹ́ni rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń du ìdajì tí ó kù, wọ́n sì ń wo ara wọn bí ọ̀tá. Ọmọ tí ó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìṣirò yìí nínú kíláàsì kò tún nílò ìwàásù gígùn.

Nítorí náà, ààbò kò sí nínú ìdákẹ́jẹ́. Ó wà nínú pé kí ọmọ mọ òfin náà dé gbòǹgbò, lórí pápà, láìsí owó, lọ́wọ́ ẹni tí kò retí kí ó pàdánù.

Bí A Ti Lè Ṣe É

Kò sí ìdí kankan fún olùkọ́ láti gbé owó wọ kíláàsì. Òkúta wẹ́wẹ́ tó, ọmọ ayò náà tó. Àwọn tí kò fẹ́ rí káàdì lójú rárá lè fi Whot tàbí ayò ṣe ẹ̀kọ́ kan náà. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni iṣẹ́ èdè tí ó wà nínú rẹ̀.

Èkíní, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ òfin oríṣi eré méjì tí ó jọra sílẹ̀ ní èdè Yorùbá, ní gbólóhùn kúkúrú. Kí ó fa ìlà sábẹ́ gbogbo ‘lè’, ‘gbọ́dọ̀’, ‘kò gbọdọ̀’, ‘àyàfi’, ‘géérégé’ àti ‘ó kéré tán’. Lẹ́yìn náà ni yóò tó rí i pé inú àwọn ọ̀rọ̀ tí ó ń fò dá nígbà tí ó ń kàwé ni eré náà wà.

Èkejì, kí ó fún ẹni tí kò mọ eré náà ní òfin tí ó kọ, kí ó sì dákẹ́. Bí ẹni náà bá ṣì í ta, kí a wá gbólóhùn tí ó ṣì í lọ́nà. Bóyá ohùn orí ọ̀rọ̀ kan ni kò tọ́. Ọmọ tí ó bá kọ ‘igba’ níbi tí ó yẹ kí ó kọ ‘ìgbà’ ti sọ ìgbà kan di 200, bí iye òkúta sì ni òfin náà ń sọ, ìjà ti dé.

Ẹ̀kẹta, kí ó ṣàlàyé ìdí òfin kan. Èé ṣe tí alámì kan fi borí nínú oríṣi oníkáàdì 36? Èé ṣe tí òfin Stud fi ṣètò sílẹ̀ de ènìyàn mẹ́jọ? Ẹni tí ó lè dáhùn ti kọjá hílàhílo àkọ́sórí, ó ti wọ inú òye.

Iṣẹ́ yìí ń ṣe èdè Yorùbá pàápàá ní àǹfààní. Àwọn kan máa ń sọ pé èdè wa kò lè gba òfin dídíjú bẹ́ẹ̀ dúró. Àwọn ìpínrọ̀ tí ó wà lókè yìí gbé Draw, Stud, Hold'em, Omaha, Razz àti Deuce-to-Seven kalẹ̀, èdè náà kò sì wó. Orúkọ ni a yá; àlàyé jẹ́ tiwa.

Tẹ́tẹ́ kì í ṣe ibi kan ṣoṣo tí àìka-òfin ti ń jẹ ènìyàn lójú. Ìwé àdéhùn ilé tí a fẹ́ gbé, ìwé owó tí a fẹ́ yá, ìwé iṣẹ́ tí a fẹ́ gbà, gbogbo wọn ni ó ní ‘lè’ àti ‘gbọ́dọ̀’ tiwọn. Onílé kan lè kọ pé òun ‘lè’ dá owó ìdógò padà, kí ayálégbé sì kà á bí ẹni pé ó ‘gbọ́dọ̀’ dá a padà. Ẹni tí ó ti jẹ òkúta mẹ́wàá ní gbèsè rí nítorí pé kò ka òfin Omaha dáadáa yóò ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó fọwọ́ sí i. Òkúta mẹ́wàá kò pọ̀ fún ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe fi ọmọ sílẹ̀ fún ẹni tí yóò gba owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lórí tábìlì. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ bá dé ìdí eré èyíkéyìí, ìbáà jẹ́ èyí tí ẹ rò pé ẹ ti mọ̀ láti kékeré, ẹ kọ́kọ́ béèrè òfin ibẹ̀. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Bí ìdáhùn náà bá sì fi hàn yín pé onílé nìkan ni ó ń jèrè, kò sí ìtìjú nínú kí ẹ dìde kí ẹ máa lọ sílé.